Etí Ni Mo Fi Ṣọ́ Ọ̀fun Wọn

Ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa ní Ùsì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bá mi níwájú ilé níbi tí mo ti ń bó ẹ̀gúsí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi. Ṣé kí n lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni àbí kí n lọ kọ́ kọ̀ǹpútà?" Mo ní kó jókòó kó bá mi bó ẹ̀gúsí, nítorí ìdáhùn ìbéèrè yẹn gùn, n kì í sì í jókòó láìṣe nǹkan. A bó ẹ̀gúsí tán, ọ̀rọ̀ ò tán. Ìyókù rẹ̀ ni mo wá ń kọ sílẹ̀ yìí, fún òun àti fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mọ́mì Ọ̀fun ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyẹn ni mo sì lò ní tíátà, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ fún etí, imú àti ọ̀fun. Àwọn kan ń ṣọ́ báńkì, àwọn kan ń ṣọ́ oko. Èmi, ọ̀fun ọmọ ènìyàn ni mo ṣọ́.

Ìlú Ààyè ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń gbin iṣu àti àgbàdo, tíṣà ló sì fẹ́ kí n ṣe. Nígbà tí mo sọ pé nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́, ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Ìwọ tó o máa ń sá wọ ulé bí a bá fẹ́ẹ́ pa adìẹ ọdún? Uṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ lo wá fẹ́ ṣe?"

Kò parọ́ mọ́ mi. Àmọ́ mo lọ. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti iye tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ó tó jẹ, kò tó yangàn. Ohun tó yẹ kí n sọ fún yín ni ti obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́.

Mátírọ́ọ̀nù ni, òun ló ń ṣàkóso tíátà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé mi lọ. Bí kò bá sí nítòsí, Ìyá Tíátà là ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n bí ó bá ń bọ̀ ní kọ́rídọ̀, dókítà gan-an á yà fún un. Ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ti lọ aṣọ mi, ó gún régé, mo rò pé yóò fi àwọn irin iṣẹ́ hàn mí. Wọ́ọ̀dù ló mú mi wọ̀. Ó ní, "Kọjú sí ògiri."

Mo rò pé ìjìyà ni. Mo ní, "Mà, kí ni mo ṣe?"

"O ò tíì ṣe nǹkan kan. Gbọ́ wọn. Ta ni kò mí dáadáa nínú wọn?"

Àwọn aláìsàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn mi. Ariwo abọ́ àti ọ̀rọ̀ àwọn àlejò nìkan ni mò ń gbọ́. Mo ní, "Gbogbo wọn ló ń mí, Mà."

"Ẹ gbọ́ o! Gbogbo wọn ló ń mí! Òkú nìkan ni kì í mí, ọmọ yìí. Mo ní ta ni kò mí dáadáa. Lọ jẹun, kó o padà wá kọjú sí ògiri lọ́la."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀, ògiri wọ́ọ̀dù yẹn ni mò ń wò, mo tiẹ̀ mọ gbogbo ibi tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀. Àwọn aláìsàn á máa bi mí pé kí ni mo jí. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ẹ́ padà sí Ààyè lọ kọ ebè. Nígbà tó yá ni mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó sì dá mi lóhùn bí ìyá ṣe ń dá ọmọ lóhùn.

"Ojú máa ń tan ènìyàn. Ará ilẹ̀ wa tó ń kú lọ á ṣì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ, á ní 'a dúpẹ́', torí pé o jẹ́ àlejò. Èémí ò mọ àlejò. Kì í parọ́ ìkíni."

Láti ìgbà yẹn ni etí mi ti là. Ó kọ́ mi pé bí èémí bá ń súfèé nígbà tó ń jáde, kí n fura sí àyà. Bí ó bá ń ha nígbà tó ń wọlé, kí n fura sí ọ̀fun, kí n sì sáré. Ó tún kọ́ mi ní ti túùbù tí wọ́n máa ń fi sí ọrùn ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ dí, kí èémí lè gba ibẹ̀ wọlé. Méjì ni túùbù náà, ọ̀kan wà nínú èkejì, kí ènìyàn lè yọ ti inú fọ̀ láìfọwọ́ kan ti òde. Ó ní, "Bí ó bá dí, yọ ti inú. Má tíì ké Jésù. Jésù ló fún ọ lọ́wọ́, lò ó ná." Ọmọ ìjọ ni Ìyá Tíátà o, kì í pa ìsìn jẹ. Àmọ́ bí mo bá fi ìṣẹ́jú kan ṣàṣàrò kí n tó yọ túùbù níbi tí a ti ń fi ìdánrawò kọ́ ọ, á gbá mi lọ́wọ́, á ní aláìsàn mi ti kú, kí n lọ túfọ̀ fún ẹbí rẹ̀.

Irin iṣẹ́ wa ìgbà náà á pa yín lẹ́rìn-ín. Páìpù irin gbọọrọ kan ni, gílóòbù kékeré bí ti tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì lè kú nígbàkúùgbà. Dókítà á fi ojú kan ṣoṣo wo inú ọ̀fun, á na ọwọ́, èmi á gbé ẹ̀mú gígùn tí ẹnu rẹ̀ ò ju ẹnu ẹyẹ ẹ̀gà lọ lé e lọ́wọ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ, orí sítóòfù kẹrosíìnì la ti ń se irin. Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Àwọn ènìyàn yó lọ́wọ́ wa, mo sì dúpẹ́.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Lọ́jọ́ kan mo ń to aṣọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ èémí kan tó ń wọlé bọ̀. Ó ń ha bí ayùn tó ń ya igi tútù. Kí n tó yíjú padà ni mo ti ju aṣọ sílẹ̀. Ìyá àgbà kan ló wọlé láti Òmù, ó pọn ọmọbìnrin kékeré kan tí ọrùn rẹ̀ ń wọnú bí ó bá ti fẹ́ mí. Ìyá ọmọ náà wà lẹ́yìn, ó ti sunkún débi pé kò lè sọ̀rọ̀.

Ìyá àgbà ló sọ̀rọ̀. "Ikọ́ fée ni, ọmọ mi. Oògùn tí dede wa, tọmọdé tàgbà, ti rà nílé kẹ́mísì ò lóǹkà."

Mo bi wọ́n pé báwo ni ohùn ọmọ náà ṣe rí. Ó ṣe mí ní kàyéfì pé ojú ìyá àgbà tàn.

"Áà, ohùn! Ohùn yeye mi ni. Yeye mi tó bí mi, ohùn bàǹtà-banta ló ní, bí ti ọkùnrin. Ọdún tó kú la bí ọmọ yìí. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ló bá gbé ohùn yeye mi jáde, bàǹtà! Yétúndé lorúkọ ẹ̀. A ò tiẹ̀ ní láti bi ẹnikẹ́ni, ó ti fohùn jẹ́rìí ara ẹ̀."

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Bí ohùn ọmọ ẹlòmíràn bá há, wọ́n á fún un lóyin, wọ́n á gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ti Yétúndé, ayọ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Àwọn àgbà inú agboolé á ní kó sọ̀rọ̀, wọ́n á máa kí i pé "Yeye, ẹ kú ìrìn-àjò", wọ́n á fún un ní ẹran. Bí ohùn náà ṣe ń há sí i ni ìdùnnú wọn ń pọ̀ sí i, àṣé ọ̀fun ọmọ ló ń dí lọ.

Dókítà wò ó. Ó pè wá jọ, ó ní ẹran wẹ́wẹ́ ló ń hù lórí gògóńgò rẹ̀, níbi tí ohùn ti ń jáde, bí olú ṣe ń hù lára igi. Ó ní kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, pé kò wọ́pọ̀, pé ọmọ lè kó o nígbà ìbí láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ mọ̀, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi. Ó ní, "A ó gé e. Á tún hù. A ó tún gé e."

Ìyá Yétúndé ní, "Títí di ìgbà wo, Dókítà?"

"Mi ò mọ̀, Mà. Ó lè dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ tó bá ń dàgbà. Àmọ́ ká tó débẹ̀, àfi ká lu ihò sí i lọ́rùn kó lè mí."

Ni ìyá àgbà, tí gbogbo wa wá ń pè ní Yèyé, bá dìde. "Ohùn yeye mi lẹ fẹ́ẹ́ gé yẹn! Ẹ ò ní í gé e. Mo ti sin yeye mi lẹ́ẹ̀kan, n kò ní í sin ín lẹ́ẹ̀kejì!"

Ìyá Tíátà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé kí n sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Yèyé, ẹ kọjú sí ògiri díẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Gbogbo wa dákẹ́, èémí ọmọ náà nìkan là ń gbọ́, hàà, hàà.

Mo ní, "Yèyé, ohùn lè jọ ti yeye yín. Ṣé báyìí náà ni wọ́n ṣe ń mí?"

Ó ní, "Rárá. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni yeye mi ń mí." Ó tú ọ̀já, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ọlọ́un mi ń wò yín o." A wọ tíátà lọ, Yétúndé sì mí.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ohun tí dókítà sọ ló ṣẹlẹ̀: wọ́n gé e, ó tún hù, wọ́n tún gé e. Ọmọ náà wọ tíátà wa débi pé ó ń fi ibi tí fìlà wà han àwọn nọ́ọ̀sì tuntun. Nítorí pé ọrùn ni èémí ń gbà, ohùn kì í jáde mọ́, àyàfi tó bá fi ìka dí ẹnu túùbù náà. Èmi ni mo kọ́ ọ. Bí ó bá rí mi, á kúnlẹ̀, á fi ìka sí ọrùn, á ní, "Ẹ kú uṣẹ́, Mà." Yèyé á bú sẹ́rìn-ín, torí pé ọmọ tó mọ̀ ọ́n kí ni ọmọ lójú tirẹ̀. Àmọ́ níta, àwọn ènìyàn ń wo ihò náà, àwọn ọmọdé ń sá fún un. Èyí ń dun Yèyé wọra.

Ìtìjú yẹn ló bí jàǹbá tí mo máa fi gbogbo ọjọ́ ayé mi rántí. Ọdún ìkórè kan ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Òmù. Yèyé pè mí, ó ní ọmọ wa fẹ́ ka ẹsẹ Bíbélì lójú ìjọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Iwájú pátápátá ni wọ́n fi mí sí. Ọyẹ́ ti dé, ẹ̀fúùfù gbígbẹ ń gbé eruku wọlé. Mo yíjú sẹ́yìn, mo ń kí ẹnì kan tí a jọ lọ sílé ìwé, mo bá gbọ́ ayùn tó ń ya igi.

Mo yí padà. Yétúndé dúró láàárín àwọn ọmọ yòókù, funfun ni wọ́n wọ̀. Yèyé ti fi ìborùn tuntun wé e lọ́rùn, ó fi sítáàṣì sí i kó lè dúró dáadáa, ó takókó rẹ̀ sẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni má rí ihò ọrùn ọmọ òun lójú pẹpẹ. Ọmọ náà ń fa ìborùn náà, ète rẹ̀ ti ń ṣú. Mo bọ́ bàtà, mo sáré. Wọ́n ti ń ké "Jésù! Jésù!" níbi gbogbo, àlùfáà ti na ọwọ́ sókè. Ohùn Ìyá Tíátà nìkan ni mò ń gbọ́ lórí mi: yọ ti inú. Mo fa ìborùn náà ya, mo yọ túùbù ti inú. Ó ti dí gbagidi, ọyẹ́ ti mú kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gbẹ mọ́ ọn bí àtè.

Yétúndé wúkọ́. Ó mí wọlé, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. N kò gbọ́ orin kankan tó dùn tó ìyẹn rí. Omi inú ike tí wọ́n gbé ka iwájú àwọn àlejò pàtàkì ni mo fi fọ túùbù, mo dá a padà.

Yèyé ti wà nílẹ̀, ó ń yí gbiri. "Mo ní kó lè gún régé ni! Ẹwà ni mo ń wá, mo wá fẹ́ẹ́ fọwọ́ ara mi pa ọmọ!"

Mo gbá a mú. Mo ní, "Yèyé, ẹ dìde. Ìfẹ́ ni. Ọrùn rẹ̀ nìkan ni ẹ ò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ wé mọ́." Àwa méjèèjì sunkún, n kò ní purọ́. Nígbà tí ara wa máa fi balẹ̀, a gbọ́ tí ẹnì kan ń pe àlùfáà. Yétúndé ni. Ó ti fi ìka sí ọrùn, ó ní òun ò tíì ka ẹsẹ Bíbélì òun. Ọmọ náà sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ihò ọrùn rẹ̀ ní gbangba. Láti ọjọ́ náà, Yèyé ò bò ó mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹjú mọ́ ọn, Yèyé á ní, "Ihò tí Ọlọ́un fi dá a sí nìyẹn, wò ó dáadáa!"

Ọdún ń gorí ọdún, irin iṣẹ́ ń yí padà. Ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá dé, dókítà ò fi ojú kan wo ọ̀fun mọ́. Lẹ́yìn náà ni tẹlifíṣọ̀n dé inú tíátà, gbogbo wa jọ ń rí gògóńgò aláìsàn gbangba-gbàǹgbà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń fá ẹran náà tó sì ń fà á mu lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Tíátà ti fẹ̀yìn tì nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, a ránṣẹ́ pè é kó wá wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó dára púpọ̀. Kó má sáà sọ yín di adití." Ó ti lọ sinmi báyìí. Kí Ọlọ́run bá mi tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Lóde òní, abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wà fún fáírọ́ọ̀sì náà, wọ́n ń gún un fún àwọn ọmọbìnrin nílé ìwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún àwọn àbúrò yín. Ẹ jọ̀ọ́.

Ti Yétúndé, nígbà tó wọ ilé ìwé gíga ni ẹran náà dẹwọ́, kò hù mọ́ kíákíá, nígbà tó yá kò hù mọ́ rárá. Dókítà yọ túùbù, ihò náà sì dí, ó ku àpá. Ohùn rẹ̀ ò já gaara, kò sì ní já gaara láéláé. Tíṣà ló ń ṣe ní Ọ̀yẹ́ báyìí. Ó ní òun kì í pariwo mọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun, pé àwọn ni wọ́n máa ń dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ òun. Ibẹ̀ náà ló ti rí ọkọ fẹ́. Yèyé jókòó níbi ìgbéyàwó náà, ó jẹun, ó bá mi jó, ó sì kú ní wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Lóṣù tó kọjá ni Yétúndé wá sí Ùsì, ó gbé ọmọ tuntun jòjòló dání. Ó kúnlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọrùn fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ihò ò sí níbẹ̀ mọ́. Kò fara balẹ̀ jókòó.

"Mọ́mì, wọ́n ti wò ó nílé ìwòsàn, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Wọ́n ní kò wọ́pọ̀ kó ran ọmọ. Àmọ́ n kì í sùn. Bó bá ti sunkún báyìí, ẹ̀rù á bà mí, n kò ní mọ ohun tí mò ń gbọ́ mọ́. Mọ́mì, ẹ bá mi gbọ́ ọ."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ní, "Mi ò lè búra fún ọ nípa ọ̀la o. Wàá máa gbé e wá, màá sì máa gbọ́ ọ, títí á fi máa bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n ti òní, jẹ́ ká gbọ́."

Ọmọ náà ń sùn. Mo fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mo dìde, orúnkún mi ń dún, mo lọ kọjú sí ògiri pálọ̀ mi, bí mo ṣe ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé níṣẹ́. Mo gbọ́ Yétúndé tó ń mí lẹ́yìn mi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo gbọ́ tí ọmọ fa èémí wọlé. Kò ha.

Ó wá figbe ta. Igbe náà já gaara, ó mú, ó gún mi létí, ó kún ilé, ó sì jáde síta. Mo ti gbọ́ ohùn yẹn rí. Ohùn yẹn ló dìde sí dókítà lójú mi, tó ní ẹnikẹ́ni ò ní gé ohùn yeye òun.

Mi ò yíjú kúrò lára ògiri, torí pé omi ti bò mí lójú. Mo ní, "Yétúndé, kí lorúkọ ọmọ yìí?"

Ó ní, "Ìyábọ̀ ni, Mà."

Mo ní, "Ó ti fohùn jẹ́rìí ara ẹ̀."